Nándì, Jọ̀ọ́, Sún Díẹ̀

O ti fura, àbí? Ọmọ tí wọ́n bá ra aṣọ ṣẹ́dà tuntun fún kì í fẹ́ jókòó sílé.

Kúyílì ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pupa bí ata. Etí aṣọ náà ń dán bíi wúrà.

Ṣaworo tuntun wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan: ṣìn. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì: ṣìn-ṣìn.

Ó rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣìn-ṣìn-ṣìn. Ewúrẹ́ gbójú sókè, ó wò ó.

Ó rìn lọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣìn-ṣìn-ṣìn. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ńlá ni. Gbogbo àdúgbò wa ń lọ sí tẹ́ńpìlì Ṣífà. Ìyá Àgbà ń mú Kúyílì lọ pẹ̀lú.

Àwọn yòókù ń lọ wo òrìṣà. Kúyílì ń lọ kí òrìṣà lè wo òun.

Náchì náà ń lọ. Náchì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Kúyílì. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Náchì rán gbogbo ilé létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ní èjìká ni wọ́n gbé Kúyílì kọ́, bí ẹni gbé agbọ̀n àgbọn lọ sọ́jà.

"Ẹni tí wọ́n gbé kò tíì dá rí nǹkan kan," ni Náchì wí. "Ọmọ ọwọ́ ṣì ni."

Ọ̀rọ̀ náà ta Kúyílì bí èèrà pupa.

"Mo ti dàgbà," ni ó wí. "Lónìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé mi. Orí ẹsẹ̀ mi ni màá dúró sí tí màá fi rí iná Ṣífà."

Ìyá Àgbà bi í léèrè pé, bí kò bá wá rí i ńkọ́?

Náchì ló dáhùn. Ó ní bí kò bá rí i, Agbọ̀n-Àgbọn ni orúkọ rẹ̀ láti òní lọ, títí yóò fi lọ sílé ọkọ.

Kúyílì gbà. Ẹni tó wọ ṣẹ́dà kì í bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n iná Ṣífà kì í pẹ́. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, àlùfáà yóò fa aṣọ ìkélé: fàà. Yóò gbé àtùpà sókè. Yóò tún fa aṣọ náà padà: fàà.

Bí o bá ń nu imú nígbà yẹn, ó ti kọjá lójú rẹ.

Wọ́n gba ọ̀nà tí wọ́n ti ń sín òdòdó. Ṣìn-ṣìn-ṣìn.

Ìyá olódòdó fi òdòdó funfun sí irun Kúyílì. Kúyílì yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó yí po lẹ́ẹ̀kejì. Ó bi ìyá náà bóyá ó rí ohun tuntun kankan lára òun.

Ìyá olódòdó wò ó dáadáa. Ó ní òun rí i. Ó ní eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká.

Kúyílì pa ẹnu dé. Wọ́n ń lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì.

Kúyílì gbé ojú sókè. Ó tún gbé e sókè sí i. Ó gbé e sókè títí ọrùn fi ń dùn ún.

Ilé gíga tó wà lórí ẹnu ọ̀nà náà ga bí òkè. Àwọn ère òrìṣà dúró lórí rẹ̀. Àwọn kìnnìún dúró lórí òrìṣà. Àwọn oníjó dúró lórí kìnnìún. Wọ́n ń gorí ara wọn lọ, wọ́n ń lọ, títí wọ́n fi kan sánmà.

Àwọn ẹyẹlé wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n kéré bí yánmọtí.

Ẹnu Kúyílì ṣí. Ó gbàgbé eyín tó ká. Kò rántí pa á dé.

Ó rọra béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

Ìyá Àgbà ní àwọn ọba ni. Ṣùgbọ́n kí ọba kankan tó dé, ọ̀gán kan ló wà níbẹ̀, ọ̀gán ikán lásán, láàárín igbó. Màlúù kan sì wà.

Ní àràárọ̀, màlúù náà á dá rìn lọ síbi ọ̀gán. Á dúró lé e lórí. Wàrà rẹ̀ á máa ro sílẹ̀ fúnra rẹ̀: tó, tó, tó.

Bó bá délé lálẹ́, ọmú rẹ̀ á ti gbẹ. Ẹni tó ni ín á máa wá olè kiri.

Ní ọjọ́ kan, ẹni tó ni màlúù náà tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó rí i. Ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ ọ̀gán náà.

Gbì. Gbì. Gbì. Kò gbẹ́ jìnnà. Ohun dúdú kan yọ orí jáde. Òkúta ni, ó ń dán, ó sì tutù rinrin.

Ọkùnrin náà ju ọkọ́ nù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti mọ̀ pé Ṣífà ni.

"Níbi tí wàrà ti ro sílẹ̀ yẹn," ni Ìyá Àgbà wí, "ibẹ̀ náà ni wọ́n ń tan iná sí títí dòní."

Kúyílì wo ilẹ̀ tó dúró sí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bóyá wàrà díẹ̀ ṣẹ́kù.

Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀. Òkúta àgbàlá náà gbóná. Wọ́n fi ṣóńṣó ẹsẹ̀ sáré kọjá: ta-ta-ta, ṣìn-ṣìn-ṣìn, ta-ta-ta.

Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ inú. Inú tutù. Inú ṣókùnkùn.

Òpó òkúta wà níbẹ̀. Òpó mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Òpó, òpó, òpó, títí wọnú òkùnkùn lọ.

Kúyílì gbé ẹsẹ̀ kan. Ṣìn.

Àwọn òpó dá a lóhùn. Ìn... ìn... ìn...

Kúyílì dúró. Àwọn òpó náà dákẹ́.

Ó di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á o. Ọwọ́ Ìyá Àgbà ló fẹ́ kí ẹnì kan dì í mú.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Nándì.

Nándì ni akọ màlúù Ṣífà. Odindi òkúta dúdú kan ni wọ́n gbẹ́ ẹ láti inú rẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀. Ó fẹ̀ ju yàrá Ìyá Àgbà lọ.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi òróró yánmọtí pa á lára. Ara rẹ̀ ń dán. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà Ṣífà lọ́sàn-án, ó ń wò ó lóru. Kì í ṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n ó wọ́ díẹ̀. Kò kọjú sí ẹnu ọ̀nà náà gan-an. Ó dà bí ẹni tó sún ìdí fún àlejò lórí bẹ́ǹṣì.

Kúyílì béèrè ìdí rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sórí òkúta tútù, nítorí ìtàn náà kì í ṣe ìtàn ìdúró.

Ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́. Kànga ni ó ń gbẹ́. Gbogbo ìlú ló ń mu omi kànga rẹ̀.

Ó fẹ́ rí Ṣífà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé. Omi rẹ̀ wà nínú ìkòkò wọn o.

Ọkùnrin náà dúró síta, nínú oòrùn. Ó yọjú wo inú. Ẹ̀yìn Nándì nìkan ló rí.

Ó yọjú lápá ọ̀tún. Ẹ̀yìn Nándì. Ó yọjú lápá òsì. Ẹ̀yìn Nándì.

Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà náà ni ohùn kan dún láti inú lọ́hùn-ún. Ohùn náà kò le. Ó ní, "Nándì, jọ̀ọ́, sún díẹ̀."

Gìrìrìrìrì.

Òkúta sún. Ilẹ̀ mì. Ìmọ́lẹ̀ jáde láti inú, ó gba ẹ̀gbẹ́ Nándì kọjá, ó lọ bà lé ojú agbẹ́kànga.

Láti ọjọ́ náà, Nándì kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Kúyílì wo ojú Nándì. Náchì pàápàá wò ó, ó sì ti gbọ́ ìtàn náà rí.

Lẹ́yìn náà, Kúyílì wo síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wo ṣaworo rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Bí Nándì bá lè sún fún ẹlẹ́sẹ̀ ẹrẹ̀, mélòó mélòó ni ẹlẹ́sẹ̀ ṣaworo?

Bí ẹnì kan bá ní ohun tó fẹ́ sọ fún Ṣífà, etí Nándì ló ń sọ ọ́ sí. Á fi ọwọ́ bo ẹnu, á sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nándì á bá a jẹ́ iṣẹ́ náà.

Kúyílì lọ síbi etí Nándì. Etí náà wà lókè. Ó fò: ṣìn. Kò tó o. Ó tún fò: ṣìn-ṣìn. Kò tó o rárá.

Ìyá Àgbà ní kí òun gbé e. Kúyílì ní rárá, òun ti dàgbà.

Ó wá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó lára Nándì. Ó rí i. Ìrù ni.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ fún ìrù náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Kúyílì ti dé, pé ṣẹ́dà ni òun wọ̀, pé kí ó sún.

Náchì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tó gba ẹ̀yìn wọlé, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kó tó dé iwájú.

Nándì kò sún.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀. Agbọ̀n dé, ìgúnpá dé, ikùn dé. Kúyílì kò rí ojú ẹnì kankan. Ìbàdí ló ń rí.

Bàbá Sádáyàn náà dé. Òun ni bàbá olóròóró tó ń fún yánmọtí ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa. Ó fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí.

Ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, bí gbogbo ọkùnrin ti ń bọ́ ọ nínú tẹ́ńpìlì wa. Ó dúró níwájú, lẹ́bàá Nándì. Ibẹ̀ ni ó máa ń dúró sí. Òróró rẹ̀ ló wà nínú àtùpà, ó sì ti sọ ọ́ fún gbogbo wa pé láìsí òun, inú òkùnkùn ni Ṣífà ìbá wà.

Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún Bàbá Sádáyàn pé kó sún.

Àlùfáà pa iná mọ̀nàmọ́ná. Gbogbo inú tẹ́ńpìlì ṣú dùdù.

Àwọn ènìyàn rọ́ síwájú. Ọwọ́ Ìyá Àgbà bọ́ lọ́wọ́ Kúyílì.

Wọ́n tì í sọ́tùn-ún. Wọ́n tì í sósì. Èéfín wọ ojú rẹ̀. Ṣaworo rẹ̀ ń dún, ẹnì kan kò gbọ́ ọ.

Iná fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn. Kúyílì kò sì rí nǹkan kan.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú nínú òkùnkùn, kó lè wá Nándì.

Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan. Ó fẹ̀. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Ó ń rùn bí òróró yánmọtí.

Nándì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó gbóná.

Kúyílì kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn. Nándì ń mí. Hùú, ó wú. Hùú, ó sọ̀.

Àyà Kúyílì ń lù: kì-kì-kì.

Ó gbàgbé ṣẹ́dà. Ó gbàgbé ṣaworo. Kò tilẹ̀ rántí orúkọ tí Náchì fẹ́ sọ ọ́.

Ó di ojú rẹ̀ pinpin.

"Bàbá Nándì," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "mo kéré. Mi ò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

Nándì gbọ̀n rìrì.

Lẹ́yìn náà, ó sún.

Kò dún gìrìrì. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló sún, bí ìgbà tí ìkuukùu kúrò lójú òṣùpá.

Agogo dún. Gbàngàn, gbàngàn, gbàngàn. Aṣọ ìkélé lọ: fàà.

Kúyílì la ojú.

Iná wà níbẹ̀. Iná lórí iná lórí iná, bí igi tí gbogbo ewé rẹ̀ jẹ́ iná.

Òkúta dúdú wà lẹ́yìn iná náà, òkúta inú ọ̀gán ọjọ́sí. Òdòdó bo orí rẹ̀. Ejò fàdákà ká lé e lórí. Ó ní ojú, fàdákà ni ojú náà, iná sì ń rìn kiri nínú rẹ̀.

Kúyílì ń wò ó. Ojú náà ń wo Kúyílì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Kò ṣẹ́jú. Kò mí.

Ó ṣe é bíi pé òun kéré gan-an. Kò sì dùn ún rárá.

Fàà. Aṣọ ìkélé padà. Iná mọ̀nàmọ́ná tàn.

Ìyá Àgbà wá a rí láàárín ìbàdí àti agbọ̀n. Ó bi í bóyá ó rí i. Kúyílì ṣì ń wo aṣọ ìkélé. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Náchì kò rí nǹkan kan. Ìyá kan dúró síwájú rẹ̀ tòun ti òdòdó rẹpẹtẹ nínú irun. Òdòdó yẹn ni Náchì ń wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kò gbà pé Kúyílì rí i. Ó ní kó sọ bí ó ṣe rí.

Kúyílì sọ ọ́. Ó sọ ti ewé iná. Ó sọ ti ejò. Ó sọ ti ojú fàdákà. Ìyá Àgbà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

"Ta ló gbé ẹ?" ni Náchì bi í.

"Ẹnì kan ò gbé mi," ni Kúyílì wí. "Nándì ló sún fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì sún. Ara ẹ̀ gbóná."

Náchì yíjú wo Nándì. Nándì wọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń wọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ ọrùn dáadáa, ó lè jọ pé ó tún wọ́ sí i.

"Bóyá," ni Náchì wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Kó tó di pé wọ́n délé, ìròyìn ti délé.

Àwọn ọmọdé àdúgbò pé jọ sórí pèpéle ilé wọn. Ìyá Àgbà pín ìrẹsì aládùn fún wọn. Kúyílì dúró láàárín, ó ń sọ ìtàn.

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nándì sún díẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nándì sún dáadáa, ó sì mi orí sí i. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, Nándì ti dìde dúró.

Ẹnikẹ́ni kò rántí Agbọ̀n-Àgbọn.

Bàbá Sádáyàn gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dé. Ó ti wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ó jókòó ti Ìyá Àgbà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ kó jẹ́ láàárín àwọn méjèèjì.

Ó ní nǹkan ṣe òun nínú tẹ́ńpìlì lónìí. Ó ní nínú òkùnkùn, ọwọ́ kéékèèké méjì kan òun lẹ́yìn. Ó ní ó tutù bí omi kànga. Ohùn kan sì bá òun sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé kí òun sún.

Ó ní òun sún. Ó ní lẹ́yìn náà òun bojú wẹ̀yìn. Òun wo ọ̀tún, òun wo òsì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Bàbá Sádáyàn ga. Ibi tí ojú àgbàlagbà máa ń wà ló wò.

"Màmá," ni ó wí, omi sì ń yọ lójú rẹ̀, "Nándì ni ohùn yẹn pè mí. Gbogbo òróró tí mo ti ń gbé lọ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, Ṣífà rí i."

Ìyá Àgbà fi etí kan gbọ́ Bàbá Sádáyàn. Ó fi etí kejì gbọ́ Kúyílì. Ó bu ìrẹsì aládùn fún bàbá náà, ó bu ún kún.

Kò sọ nǹkan kan fún un. Kúyílì nìkan ló pè, ó sì bi í bí ara Nándì ṣe rí gan-an.

Gbogbo ọmọdé sún mọ́ ọn kí wọ́n lè gbọ́.

"Ó gbóná," ni Kúyílì wí. "Ó rọ̀. Ó tún ń làágùn."

Àwọn ọmọdé mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: háà.

Òkúta kì í làágùn.